Ọ̀fìnkìn koríko, kì í ṣe ibà koríko

Ògbufọ̀ tí ó bá tú hay fever sí «ibà koríko» lè ṣi aláìsàn lọ́nà: ẹni tí ó gbọ́ ibà yóò wá oògùn ibà lò. Àìsàn yìí kì í sábà mú ara gbóná. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó koríko ni ó sábà máa ń fà á, láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Keje ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Imú a máa ṣomi, ojú a máa yún ni, ènìyàn a sì máa sín. Ọ̀fìnkìn ni ó bá a mu. Ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn lásán a máa ranni, nítorí náà kí a dárúkọ ohun tí ó fà á.

Àpẹẹrẹ: Adé a máa bọ́jú bí ó bá ti ìta dé, nítorí ọ̀fìnkìn tí koríko ń fà.