Pẹ́pẹ́yẹ Ẹ̀yìnkùlé: Oúnjẹ Rẹ̀, Àìsàn Rẹ̀ àti Ìlera Ìdílé Yín

Ní Ìlúpéjú àti káàkiri agbègbè Mushin, a máa ń rí ìdílé tí ó ń sin pẹ́pẹ́yẹ mélòó kan ní ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀sìn tí ó ní èrè ni. Pẹ́pẹ́yẹ ń jẹ ìdin àti kòkòrò, ó ń yé ẹyin, abo rẹ̀ sì mọ ọmọ tọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 35.

Ṣùgbọ́n nítorí pé kì í tètè ṣàìsàn bí adìẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sí ohun tí kò lè jẹ. Omi gọ́tà ni yóò mu, àgbàdo tí ó ti bàjẹ́ ni a ó dà sílẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, nítorí pé ohun tí pẹ́pẹ́yẹ ń jẹ àti ibi tí ó ń rìn kan àwọn ọmọ wa pẹ̀lú.

OÚNJẸ TÍ Ó YẸ PẸ́PẸ́YẸ

Èèrí ògì, àgbàdo, gààrí tàbí búrẹ́dì nìkan kò tó. Wọ́n ń kún inú ni, wọn kò tó láti mú ara dàgbà. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ nílò èròjà aṣaralóore kan tí à ń pè ní niacin ju ọmọ adìẹ lọ. Bí èyí kò bá tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wọ́, oríkèé rẹ̀ yóò wú, kò sì ní lè rìn dé ibi oúnjẹ. Àwọn mìíràn a máa rò pé ènìyàn ni ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ebi èròjà yìí ni ó ń pa á. Niacin inú àgbàdo kì í rọrùn fún ara láti lò. Ṣùgbọ́n ó pọ̀ nínú ẹ̀pà àti ẹja. Nítorí náà, ẹ gún ẹ̀pà tí ó dára àti orí ẹja gbígbẹ tí kò ní iyọ̀, kí ẹ pò ó mọ́ oúnjẹ wọn. Ẹ fi tẹ̀tẹ̀ tàbí gbúre tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ kún un.

Omi gbọ́dọ̀ wà nítòsí oúnjẹ nígbà gbogbo, kí ó sì jìn tó kí pẹ́pẹ́yẹ lè ri ihò imú rẹ̀ bọ inú rẹ̀ láti fọ̀ ọ́. Fún àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ kó òkúta sínú abọ́ omi náà kí wọ́n má baà rì tàbí kí òtútù mú wọn.

Ẹ MÁ ṢE FI OHUN TÍ Ó TI BU BỌ́ Ọ

Ní ọdún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú, àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ sì kú pẹ̀lú. Nígbà tí a wádìí rẹ̀, inú oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà ṣe ni májèlé náà ti wá: ẹ̀pà ọ̀hún ti bu. Orúkọ májèlé náà ni aflatoxin. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ wà lára àwọn ẹranko tí kò lè fara dà á rárá, débi pé òun ni àwọn onímọ̀ fi ń dán oúnjẹ wò láyé ìgbà náà.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Májèlé yìí ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Sísè àti yíyan kò lè mú un kúrò tán. Àgbàdo tàbí ẹ̀pà tí ohun bí òwú, tàbí àwọ̀ ewé, ti hù lára rẹ̀ kò yẹ fún ògì ọmọ, kò yẹ fún kúlíkúlí, kò sì yẹ fún pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ dà á nù.

ÀWỌN ÀÌSÀN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ MỌ̀

Bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ bá rọ tí kò lè gbé orí sókè, ó ṣeé ṣe kí ó ti jẹ òkú ẹran tàbí ìdin inú omi adágún tí ó ní májèlé. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ fún un ní omi tó mọ́, kí ẹ sì pe dókítà ẹran. Ẹ má ṣe pa á jẹ.

Èyí tí ó burú jù ni àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ, tí a mọ̀ sí bird flu. Oṣù Kejì ọdún 2006 ni a kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, obìnrin kan kú ní Èkó níhìn-ín. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà pa ní orílẹ̀-èdè yìí. Àrùn náà tún padà dé ní ọdún 2015. Adìẹ tí ó bá kó o a máa kú wìtìwìtì, ṣùgbọ́n pẹ́pẹ́yẹ lè gbé e kiri láìfi àmì kankan hàn. Ara líle pẹ́pẹ́yẹ kì í ṣe ẹ̀rí pé kò ní àrùn.

OHUN TÍ Ẹ Ó MÁA ṢE

1. Ẹ ṣe ilé fún pẹ́pẹ́yẹ, jìnnà sí ilé ìdáná, kànga àti ibi tí ọmọ ti ń rákò. Ìgbẹ́ rẹ̀ lè fa ìgbẹ́ gbuuru fún ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ kàn án tí ó sì ki ọwọ́ náà bọ ẹnu.

2. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá bọ́ wọn tàbí tí ẹ kó ẹyin.

3. Èyí tí ẹ bá rà ní ọjà Ojúwòyè tàbí ibòmíràn, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán.

4. Ẹ se ẹyin rẹ̀ títí pupa àti funfun yóò fi le. Ẹ se ẹran rẹ̀ jinná dáadáa.

5. Bí ẹyẹ bá ń kú lójijì, ẹ má ṣe tà wọ́n, ẹ má ṣe fà wọ́n níyẹ̀ẹ́, ẹ má ṣe jù wọ́n sí gọ́tà. Ẹ fi tó dókítà ẹran ìjọba létí.

6. Bí ara ẹnikẹ́ni nínú ilé bá gbóná tí ó sì ń wúkọ́ lẹ́yìn tí ó fọwọ́ kan ẹyẹ tí ó ṣàìsàn tàbí tí ó kú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ ẹyẹ náà fún dókítà.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ má ṣe dẹ́kun sísin pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ sìn ín pẹ̀lú ìmọ́tótó, kí èrè rẹ̀ má baà di àìsàn fún àwọn ọmọ yín.