Gbólóhùn Ewé àti Oòrùn: Ẹ Jẹ́ Kí N Tún Un Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo jẹ yín ní gbèsè àtúnṣe kan. Àwọn tó jókòó ní kíláàsì mi lẹ́yìn 2008 á rántí pé tí mo bá ń kọ́ yín ní àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, mo máa ń sọ pé agbára oòrùn inú ewé ń tọ gbogbo ọ̀nà wò lẹ́ẹ̀kan náà kó tó mú èyí tó yá jù. Gbólóhùn náà dùn lẹ́nu. Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú yín tó ti di olùkọ́ físíìsì pè mí: "Prof, ẹ má bínú o. Ọ̀rọ̀ ewé yẹn, wọn ò gbà á bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó fi àwọn ìwé ìwádìí ránṣẹ́. Mo kà wọ́n, ojú sì tì mí díẹ̀, torí ohun tó yẹ kí onímọ̀ èdè tètè rí ló wà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ná, kì í ṣe ewé. Pùrótéènì kan lára bakitéríà tó ń lo imí ọjọ́ ni, èyí tó ń gbé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò ti pọ̀, tí ọ́síjìn ò sì sí. FMO lorúkọ rẹ̀, látinú orúkọ Fenna, Matthews àti Olson. Ní 1975, Fenna àti Matthews fi ìtànṣán X hàn wá bó ṣe rí: ẹ̀ka mẹ́ta tó jọra, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé mólékù méje mọ́ra, tí wọ́n jẹ́ ìbátan chlorophyll inú ewé. (Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n rí ìkẹjọ.) Iṣẹ́ alárùú ló ń ṣe. Ó ń gba agbára lọ́wọ́ àwọn tó mú ìmọ́lẹ̀, ó ń rù ú lọ síbi tí wọ́n ti ń lò ó.

Ní 2007, Greg Engel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ Graham Fleming ní Berkeley, Amẹ́ríkà, mú FMO tutù dé 77 kelvin, wọ́n ń fi iná laser lù ú wàrà-wàrà. Àmì tó padà wá ń lọ sókè sódò bí ìgbì, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní 600 femtosecond. Ẹ pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí bílíọ̀nù kan, kí ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀, kí ẹ tún pín in sí mílíọ̀nù kan: femtosecond kan nìyẹn. Wọ́n ka ìgbì náà sí ẹ̀rí pé ẹrù ń rìn lórí mólékù púpọ̀ pa pọ̀. Ibẹ̀ ni gbólóhùn mi ti wá.

Báwo lèèyàn ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé irú èyí? Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹ ya tábìlì onílà 7 àti òpó 7. Láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀, ẹ kọ iye agbára tí mólékù kọ̀ọ̀kan ń béèrè kó tó lè ru ẹrù. Nínú àwọn àpótí yòókù, ẹ kọ bí mólékù méjì ṣe ń gbọ́ ara wọn tó. Ẹ gbé ẹrù lé mólékù 1 tàbí 6, kí ẹ máa wo bó ṣe ń dé 3, tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà àbájáde. Laptop ọmọ-ọmọ mi lè ṣe èyí.

Ibi tí wàhálà wà ni pùrótéènì tó yí wọn ká. Kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó ń gbọ̀n, gbígbọ̀n rẹ̀ sì ń yí nọ́ńbà inú tábìlì padà ṣáá. Nígbà tó di nǹkan bí 2008 àti 2009, àwọn ẹgbẹ́ mélòó kan, ti Plenio àti Huelga, ti Aspuru-Guzik àti Lloyd, fi àfarawé hàn pé gbígbọ̀n yìí kì í ṣe ọ̀tá. Ẹni tó bá ti jọ gàrí rí á mọ̀ ọ́n: tí ẹ ò bá mi ajọ̀, gàrí á jókòó sójú kan, mímì tó wọ̀n ló ń mú un sọ̀kalẹ̀. (Àfiwé mi ò pé o. Ní FMO, àmìjù kì í da ẹrù nù, ńṣe ló ń dá a dúró.) Èyí ṣì dúró títí dòní.

Ìgbì 2007 ńkọ́? Ẹ kọ i-g-b-a sílẹ̀ láìfàmì sí i. Ṣé igbá ni, àbí igba, àbí ìgbà, àbí igbà tí ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ? Àkọsílẹ̀ tí kò lámì ohùn ni ìgbì yẹn. Ó lè jẹ́ pé mólékù jọ ń pín ẹrù. Ó sì lè jẹ́ pé átọ́mù inú mólékù kan ṣoṣo ló ń gbọ̀n láyè ara rẹ̀. Bákan náà ni méjèèjì ń hàn lójú ẹ̀rọ. Ogójì ọdún ni mo fi ń yọ máàkì lọ́wọ́ yín nítorí àmì ohùn, èmi náà ló wá ka èyí láìbéèrè!

Ibí gan-an ni àfarawé ti wúlò. Nínú yàrá ìwádìí, ẹ ò lè ní kí átọ́mù dẹ́kun gbígbọ̀n. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lè yọ gbígbọ̀n náà kúrò, kí ẹ tún dá a padà, kí ẹ wá wo irú ìgbì tó bá a lọ. Ní 2013, Tiwari, Peters àti Jonas ní Colorado ṣàlàyé pé gbígbọ̀n mólékù lè mú irú àmì tó pẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde. Ní 2017, Duan, Thorwart, Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tí ọ̀pọ̀ wọn wà ní Hamburg, Jámánì, wọn FMO láìmú un tutù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ìṣirò wo ohun tí wọ́n rí. Ìgbì pípín-ẹrù kú láàárín 60 femtosecond. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìrìn àjò ẹrù náà ń gba ẹgbẹ̀rún femtosecond àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alárùú ò tíì gbéra dáadáa tí ìgbì ti tán.

Ìyẹn ò sọ pé quantum ò sí níbẹ̀ o. Tábìlì 7 yẹn fúnra rẹ̀, quantum ni. Ẹrù kan lè wà lórí mólékù méjì pa pọ̀, torí pé wọ́n ń gbọ́ ara wọn. Àwọn kan ṣì ń wádìí bóyá gbígbọ̀n tó bá dọ́gba pẹ̀lú ààlà agbára tó wà láàárín mólékù méjì ń ran ẹrù lọ́wọ́. Ohun tó ṣubú ni títọ gbogbo ọ̀nà wò.

Ẹ̀yin tí ìwé kíláàsì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fagi lé gbólóhùn náà, kí ẹ kọ 60 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.