Ẹni Tí Kò Nílé Náà Ní Eyín Lẹ́nu

Bí a bá ń ki arẹwà nílẹ̀ wa, a máa ń ní, "adúmáadán, eyín fún jowó." Ṣùgbọ́n ta ni í bojú wo ẹnu ẹni tí ń sun ìta? Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nìyẹn, nítorí ojú àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Dutse Alhaji, lágbègbè Bwari ní Àbújá, ti rí i.

Bí ọjà Dutse bá tú lálẹ́, àwọn alábàárù, àwọn tí ń ti ọmọlanke, àwọn tí ń ṣa irin àti ike, àti àwọn alágbe a tẹ́ páálí síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọn a sùn. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló sọ gbogbo wọn dà bẹ́ẹ̀. Ilé gbówó lórí ní Àbújá. Yàtọ̀ sí èyí, láàárín 2003 sí 2007, ìjọba wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí wọ́n ní kò bá ètò ìlú mu, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì di aláìnílé.

Alábàárù kan wà tó máa ń bá àwọn ìyá wa gbé ẹrù. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó ki ẹ̀kọ sẹ́nu. Ó ti ra kápúsù lọ́wọ́ oníkiri oògùn, ó sì da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú ihò eyín. A mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan. Wọ́n béèrè owó káàdì, nọ́ńbà tẹlifóònù àti àdírẹ́sì. Ó yíjú sí wa, ó fi Hausa béèrè pé, "Ilé wo ni kí n sọ?" Wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kí ọjọ́ náà tó pé, oníṣọ́ọ̀bù ti lé e kúrò níbi tó ń sùn. A dúró títí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a kò rí i. Títí di òní, a kò tún fojú kàn án.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn wá tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ wa gbà pé kòkòrò kan ló ń wọ inú eyín lọ jẹ ẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà lẹ́nu gbogbo wa ló ń sọ súgà di omi kíkan, omi kíkan yìí ló sì ń jẹ eyín díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń fi búrẹ́dì, tíì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò gbé ọjọ́, tí kò rómi fọ ẹnu, kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bọ̀rọ̀. Bí ihò bá kan iṣan inú eyín, ìrora dé. Nígbà mìíràn iṣan náà a kú, ìrora a dáwọ́ dúró, ẹni náà a rò pé òun ti sàn. Ṣùgbọ́n ọyún ń kó jọ nídìí eyín. Ọyún yìí lè sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, kó dí ọ̀nà èémí, kó sì pa ènìyàn. Bí ẹ bá rí ẹni tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú, tí kò lè lanu, tí kò lè gbé itọ́ mì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn àgbà ní kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Ọ̀nà àbáyọ kò sì le tó bí a ti rò. Láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980 ni àwọn dókítà eyín ní Tanzania ti ń lo ọ̀nà kan tí kò gba iná mànàmáná: irin ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ha ibi tó ti jẹrà kúrò, wọn a sì fi ohun kan bíi sìmẹ́ńtì dí ihò náà. Oògùn olómi kan tún wà, silver diamine fluoride, tí wọ́n ń kùn sójú ihò kí ó má bàa jẹ síwájú. Ó máa ń sọ ojú ibẹ̀ di dúdú, ṣùgbọ́n kò gba abẹ́rẹ́. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sìmẹ́ńtì eyín náà, oògùn olómi yìí àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride sínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémánìí. Ẹ wò ó, orí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ni a ti lè ṣe iṣẹ́ yìí, ní ìjókòó kan ṣoṣo, láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé kó padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ti owó ńkọ́? Òfin ìlera ti 2014 ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́ọ́dé. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sì dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Ta ló tún kù tí kò ní olùrànlọ́wọ́ ju ẹni tí ń sùn lórí páálí lọ? Ṣùgbọ́n ìwé ìdánimọ̀ àti àdírẹ́sì lè di ògiri níwájú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò ní àdírẹ́sì náà lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà NHS, ẹgbẹ́ aláàánú Dentaid sì ń fi ọkọ̀ gbé ìtọ́jú eyín lọ bá àwọn aláìnílé. Ní Dutse tiwa, kí ló burú bí olórí àwọn alábàárù, lèmọ́mù tàbí pásítọ̀ bá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí fún wọn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn eyín nínú ẹgbẹ́ wa, ọwọ́ yín la ń wò. Ẹ̀yin tí ilé yín wà ní Dutse, Kubwa àti Bwari, bí a bá gba ìsinmi, ẹ jẹ́ ká jọ kọ̀wé sí ìjọba Bwari, ká sì bẹ àwọn dókítà eyín pé kí wọ́n bá wa dé ọjà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tí kò bá lè ṣe ju èyí lọ, kó ra búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín fún ẹnì kan, kó sì bi í bóyá eyín ń dùn ún.