Wíwọn Ikú Sẹ́ẹ̀lì Nínú Yàrá Ìṣàyẹ̀wò: Ẹ̀rí Wo Ni Ó Tó Láti Sọ Pé Ewé Kan “Pa” Sẹ́ẹ̀lì?

Nínú ìwádìí lórí ewé àti egbò, a sábà máa ń kà pé omi ewé kan, ewúro fún àpẹẹrẹ, pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí a ń sìn nínú àwo. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe “pa” béèrè ẹ̀rí ju èyí tí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo lè mú wá.

Òṣùwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ púpọ̀ ni MTT, tí Tim Mosmann gbé jáde ní 1983. Èròjà aláwọ̀ ìyeyè ni. Bí a bá bù ú sórí sẹ́ẹ̀lì nínú àwo oníhò 96, àwọn ẹ́ńsáìmù inú sẹ́ẹ̀lì alààyè yóò sọ ọ́ di kóró wẹ́wẹ́ elésè àlùkò. A ó yọ́ kóró náà, ẹ̀rọ yóò sì wọn bí àwọ̀ náà ti ki tó. Kò wọ́n, ó sì yá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe ni ó ń wọ̀n, kì í ṣe ikú. Bí àwọ̀ bá dín kù sí ìdajì, ó lè jẹ́ pé ìdajì sẹ́ẹ̀lì ti kú. Ó sì lè jẹ́ pé ẹyọ kan kò kú, wọ́n kàn dẹ́kun pípín sí méjì ni. Èyí tí ó tún burú jù ni pé omi ewé mìíràn lè fúnra rẹ̀ sọ MTT di elésè àlùkò láìsí sẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ rárá, kí ó sì fi ikú pamọ́. Olùwádìí tí kò bá ya ihò kan sọ́tọ̀ fún omi ewé àti MTT láìsí sẹ́ẹ̀lì kò lè mọ èyí. MTT nìkan ha ni ó lò bí? “Dín iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì kù” ni kí ó kọ.

Aró trypan blue sún mọ́ ikú jù bẹ́ẹ̀. Awọ sẹ́ẹ̀lì alààyè kì í gbà á wọlé. Bí awọ bá ya, sẹ́ẹ̀lì a di aláwọ̀ aró. Bí a bá ka 200, tí 30 mu aró, ìdá 15 nínú 100 ni awọ wọn ti ya. Àmọ́ èyí tí ó ti fọ́ tán kò sí níbẹ̀ mọ́ láti kà.

Ikú pàápàá kò rí bákan náà. Ní 1972, Kerr, Wyllie àti Currie ṣàlàyé ikú kan tí sẹ́ẹ̀lì ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò. Ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gíríìkì kan ní Aberdeen ni ó dá wọn lábàá orúkọ tí wọ́n fún un, apoptosis, èyí tí í ṣe bí ewé ti ń já bọ́ lára igi. Ìwọ́wé ni àwa yóò pè é. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ń wọ́wé a súnkì, a sì gé ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ kì í tètè ya. Trypan blue kò lè tètè rí i. Ọ̀rá kan tí ń jẹ́ phosphatidylserine, tí ó máa ń kọjú sínú, ni yóò yí síta lára awọ náà. Purotéènì annexin V ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá yìí, a sì ń lò ó pẹ̀lú propidium iodide, tí kì í wọ sẹ́ẹ̀lì àyàfi bí awọ bá ya. Sẹ́ẹ̀lì tí ó gba annexin nìkan ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ́wé. Èyí tí ó gba méjèèjì ni ó nira: ó lè jẹ́ òpin ìwọ́wé, ó sì lè jẹ́ pé oró ni ó fa awọ ya lẹ́ẹ̀kan náà. Wíwò ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí 24 kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. A ní láti wò wọ́n ní wákàtí 6 àti 12 pẹ̀lú, kí a lè mọ̀ bóyá annexin ni ó kọ́kọ́ dé.