Àwọn ibi ìrìn-àjò afẹ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní àwọn ibi ìrìn-àjò afẹ́ tí ará Èkó lè fi ọkọ̀ lọ kí ó sì padà ní ọjọ́ kan náà. Ọ̀nà Ṣàgámù tàbí ti Ẹ̀pẹ́ ni a lè gbà dé Ìjẹ̀bú-Òde. Àsìkò ọdún àti àṣà ibi kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí ó darí ẹni tí ó ń yàn.

Erédò Súngbọ́ jẹ́ odi amọ̀ àti yàrà àtijọ́ tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Igbó ti bo apá púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó rọrùn jù láti wò ó, pẹ̀lú ọmọ àdúgbò tí yóò máa fi ọ̀nà hàn.

Òkè-Ẹ̀rí ni oórì Bílíkísù Súngbọ́ wà, opó olówó tí ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé òun ni ó ní kí a mọ odi náà. Àṣà kò gba obìnrin láàyè láti wọ ibi oórì náà. Ó yẹ kí ìdílé mọ èyí kí wọ́n tó gbéra.

Ojúde Ọba máa ń wáyé ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Òṣùpá ni Iléyá ń tẹ̀ lé, nítorí náà ọjọ́ rẹ̀ ń yí padà lọ́dọọdún.

Láti ọdún 1995 ni Nàìjíríà ti dábàá Erédò fún Àkójọ Ogún Àgbáyé ti UNESCO. Amọ̀ lásán ni odi náà, òjò àti ẹsẹ̀ ènìyàn sì lè bà á jẹ́. Kí àlejò má ṣe gùn ún.