Òórùn Ni Wọ́n Fi Ń Sọ̀rọ̀: Bí Ilé Oyin Onírun Ṣe Ń Tò, Bó Ṣe Ń Tú

Kò sí bumblebee, oyin ńlá onírun, ní ilẹ̀ Yorùbá. Oyin dúdú tó máa ń gbẹ́ ihò sára igi òrùlé wa jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀yà mìíràn ni. Èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ̀ jù nínú oyin onírun ni Bombus terrestris ti ilẹ̀ Yúróòpù, tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń rà kó lè gbọn òdòdó tòmátì fún wọn.

Ìyá oyin kan ṣoṣo ló ń dá ilé sílẹ̀. Á sùn nínú ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù. Bó bá jí, á wá ihò, nígbà mìíràn ihò tí eku ti pa tì, á yé ẹyin síbẹ̀, á sì sàba lé e. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kọ́kọ́ jáde ló ń di òṣìṣẹ́.

Inú ilé náà ṣókùnkùn, ojú kò wúlò níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá rí oúnjẹ kì í jó ijó tó ń tọ́ka ọ̀nà bíi ti oyin tí à ń mu oyin rẹ̀. Ńṣe ló máa ń sáré kiri, tí á máa kọlu àwọn tó jókòó, tí òórùn á sì máa jáde lára rẹ̀. Anna Dornhaus àti Lars Chittka fi hàn ní ọdún 1999 pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta ara wọn lólobó. Ìròyìn náà kò sọ ibi tí oúnjẹ wà, ó kàn ní ó wà níta. Àwọn yòókù á gbọ́ òórùn òdòdó lára ẹni tó dé, wọ́n á sì wá irú rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ló le jù. Òṣìṣẹ́ tí kò bá akọ pàdé rí lè yé ẹyin, akọ nìkan ni ẹyin náà á sì dà. Síbẹ̀, nígbà tí ilé ṣì kéré, wọn kì í yé e. Ọ̀pọ̀ ìwé ní ìyá oyin ló ń fi òórùn jọba lé wọn lórí. Èmi kò gbà pé ìjọba ni. Lójú tèmi, ìròyìn ni òórùn yẹn: ìyá wà láàyè, ó sì ń yé ẹyin. Èrè ló ń mú òṣìṣẹ́ dúró. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ogún ìbí rẹ̀ ni òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin jọ ní, nítorí náà títọ́ irú àbúrò bẹ́ẹ̀ sàn fún un ju bíbí ọmọ tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ìyá oyin kò ní í máa bí obìnrin nìkan títí láé; bó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í bí akọ. Ìdámẹ́rin péré ló da òṣìṣẹ́ pọ̀ mọ́ arákùnrin rẹ̀, ìdajì sì ni pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé máa ń dàrú. Duchateau àti Velthuis ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1988: àwọn òṣìṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin, wọ́n á jẹ ẹyin ìyá, ìyá náà á jẹ tiwọn, wọ́n á máa bu ara wọn jẹ. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n ń pa ìyá.

Nínú rògbòdìyàn yìí ni mo ti rí ohun tó wú mi lórí jù. Òṣìṣẹ́ tí kò ní ẹyin nínú máa ń sun òróró kan tó ń kéde pé òun kì í ṣe abánidíje. Etya Amsalem àti Abraham Hefetz rí i ní ọdún 2010 pé òróró yìí ń tu àwọn oníjà lójú. Bí ẹyin bá ti ń dàgbà nínú rẹ̀, òróró náà á máa dín kù, ìyà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Òórùn tún ń jẹ́ kí ọ̀tá rí wọn. Bombus vestalis, oyin tí kò ní òṣìṣẹ́ kankan, máa ń tọ òórùn wọn dé ẹnu ihò. Á wọlé, á pa ìyá ilé tàbí kó tẹ̀ ẹ́ lórí ba, á yé ẹyin tirẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé á sì máa bọ́ ọmọ àjèjì.