Òróró Orí Kì Í Ṣe Ẹ̀gbin

Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ìlú Ìkirè, ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí a fi lé wa lọ́wọ́ ni yíyẹ ara àwọn ọmọ wò lórí ìlà ní òwúrọ̀. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí irun rẹ̀ ń dán fún òróró, tí eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. A fà á jáde, a sì pè é ní ọ̀bùn lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà fi omijé dáhùn pé, "Ẹ jọ̀wọ́, tíṣà, ìyá mi fọ̀ ọ́ fún mi ní ìjẹta." A wádìí rẹ̀, a sì rí i pé òtítọ́ ni ó sọ. Ojú tì wá. Nítorí náà ni a ṣe kọ èyí, kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú àṣìṣe náà.

Ní ìdí irun kọ̀ọ̀kan ni àpò kékeré kan wà nínú awọ orí, tí òróró ń sun jáde láti inú rẹ̀. Òróró yìí wúlò: òun ni kì í jẹ́ kí awọ gbẹ kí ó sì sán. Nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà, àwọn omi ara tí ń sọ ọmọdé di àgbà a máa mú kí àwọn àpò náà sun ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìdí nìyí tí ojú àti orí ọ̀dọ́langba fi ń dán. Irun tiwa ká kókó, òróró kì í sì tètè ṣàn dé ṣóńṣó rẹ̀ bí ó ti ń ṣe lórí irun tí ó nà. Nítorí náà, àtàrí lè kún fún òróró nígbà tí ṣóńṣó irun gbẹ bí koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ó bá rí gbígbẹ náà a tún bu àdín tàbí òrí sí àtàrí, a sì tipa bẹ́ẹ̀ fi òróró kún òróró.

Ti ọmọ Ìkirè wa tún ní ìdí mìíràn. Ìyá rẹ̀ ń dín dòdò Ìkirè, èyí tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó pọ́n rà, ata àti iyọ̀ ṣe, tí a sì ń dín nínú epo pupa. Ọmọ a máa ràn án lọ́wọ́ ní ẹ̀bá iná. Èéfín epo a bà lé irun rẹ̀, òógùn a sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Ṣé ọ̀bùn ni ẹni tí ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́?

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi òróró náà sílẹ̀ kí ó pẹ́. Àwọn ohun abẹ̀mí kan wà lórí awọ gbogbo ènìyàn tí ojú lásán kò lè rí, ìbátan ìwúkàrà tí a fi ń mú búrẹ́dì wú. Malassez, oníṣègùn ará Faransé, ṣe àpèjúwe wọn ní 1874. Òróró orí ni oúnjẹ wọn. Bí wọ́n bá ti ń jẹ ẹ́, ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ a máa ta awọ orí àwọn mìíràn. Orí a máa yún wọn, ohun funfun bí ìyẹ̀fun a sì máa já bọ́ sí èjìká wọn.

Kí ni a ó wá ṣe? Omi nìkan kò lè mú òróró kúrò, nítorí àwọn méjèèjì kì í bá ara wọn rẹ́. Ọṣẹ ni alárinà wọn: apá kan rẹ̀ a di òróró mú, apá kejì a di omi mú, omi a sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ọṣẹ dúdú kò jìnnà sí wa. A ń jó èèpo kòkó gbígbẹ di eérú, a ń sẹ́ omi eérú náà, a sì ń sè é pẹ̀lú àdín títí yóò fi di ọṣẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí omi eérú pọ̀ jù nínú rẹ̀ a máa ta ara. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ pò ó mọ́ omi, kí a má sì jẹ́ kí ó kán sójú.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ irun gígùn. Irun tí a gé mọ́lẹ̀ lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a tú dídì rẹ̀, kí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin ín, kí a fi orí ìka fọ àtàrí, kì í ṣe èékánná. Kí a ṣàn án títí omi yóò fi mọ́, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ kí a tó tún un dì. Bí a bá fẹ́ fi ìpara sí i, ṣóńṣó irun ni kí a fi í sí. Kí a fọ ìlarí, fìlà, gèlè àti aṣọ ìrọ̀rí pẹ̀lú, nítorí orí tí ó mọ́ kì í pẹ́ mọ́ lórí ìrọ̀rí ẹlẹ́gbin.

Bí ìyẹ̀fun náà kò bá lọ, ọṣẹ irun olómi tí ó ní ketoconazole nínú wà lọ́dọ̀ àwọn apoògùn. A ń fi í sórí fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 kí a tó ṣàn án. Ṣùgbọ́n bí irun bá re ní òbìrípo, tàbí tí orí bá ń sọyún, ó lè jẹ́ làpálàpá. Èyí a máa ràn láti ara ìlarí àti ẹ̀rọ ìgẹ̀run, ìpara nìkan kì í sì í wò ó. Oògùn gbígbémì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó ń béèrè. Ẹ jẹ́ kí a rán ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ní ọjọ́ kejì, a pe ọmọ náà sí ìkọ̀kọ̀, a sì tọrọ àforíjì. A ṣàlàyé fún un bí yóò ti máa fi aṣọ bo irun rẹ̀ nídìí iná. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kí a tó pe ọmọ kan ní ọ̀bùn lórí ìlà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀.